Mọ́tò Onígáàsì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Wọ̀ ní Fájuyì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò tuntun kan dúró ní Fájuyì, ibùdókọ̀ kan ní Adó, ó ń dán bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọn kò tíì ya ọ̀rá tó wà lára ìjókòó rẹ̀. Àwọn èrò tó ń lọ sí Ìyìn kò sì wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà mọ́tò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí, jákujàku kan tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, tí èéfín ń rú nídìí rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fi igi tútù dáná. Wọ́n ń fi ìgùnpá gún ara wọn kí wọ́n lè ráyè nínú jákujàku yẹn. Kò sí ẹni tó wo mọ́tò tuntun náà lójú.

Fẹ́mi, awakọ̀ rẹ̀, jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ lérán.

Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ayé mi."

Mo ní, "Mo ń wò ó. Ṣé o ti pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Obìnrin kan tiẹ̀ súre fún mi. Ó ní Ọlọ́run yóò bá mi wá iṣẹ́ mìíràn."

Ohun tó lé wọn sá ni pé mọ́tò náà kì í mu bẹntiróòlù. Gáàsì ló ń mu, gáàsì tí wọ́n rọ sínú àgbá irin kan, tí wọ́n sì de àgbá náà mọ́ abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ́fíìsì ìjọba tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e wá kí àwọn ará ìlú fi dán an wò. Wọ́n fún Fẹ́mi nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí sítíárì, kì í sì í mutí. Àmọ́ wọ́n ti sọ fún un pé bí oṣù yẹn bá parí tí èrò kò wọ̀ ọ́, wọn yóò gbé e lọ sí ìlú mìíràn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Mọ́tò Fẹ́mi àtijọ́ ti kú. Adìyẹ ló ń yé sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí wọ́n bá gba mọ́tò yìí, oko bàbá rẹ̀ ló kù tí yóò padà sí, bẹ́ẹ̀ Fẹ́mi kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé èsúrú. Oṣù sì ti ń lọ sópin.

Èmi ni wọ́n sì gbé àlàyé mọ́tò náà lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí ìjọba bá gbé ìkéde jáde lórí ọ̀rọ̀ epo, iná mànàmáná tàbí ọkọ̀, èmi ni mo máa ń fi ẹnu gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìwé kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Alálàyé ni gbogbo Fájuyì ń pè mí.

Mi ò mọ ìwé. Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ eléyìí, ní kí n má fi ìyẹn síwájú. Mo ní kó kọ ọ́, nítorí pé ká ní mo mọ ìwé ni, n kì bá tí ríṣẹ́ náà.

Kẹrosíìnì ni mò ń tà tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Fájuyì níbẹ̀. Ògiri kan wà lẹ́yìn mi tí wọ́n máa ń lẹ ìkéde mọ́. Àwọn ènìyàn á dé, wọn á wo ìwé, wọn á wò mí, wọn á ní, "Ìyá oníkẹrosíìnì, kí ni wọ́n tún wí?" bí ẹni pé èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Mo wá ń dá àwọn ọmọ ilé ìwé dúró kí wọ́n kà á fún mi, kí n lè rí nǹkan fi dá oníbàárà lóhùn. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn á wá gbọ́ àlàyé, wọn ò ní ra kẹrosíìnì, wọn á sì gba ọ̀nà wọn lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó de táì wá dúró lórí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi kúrò lẹ́bàá ọ̀nà ni. Mo ti ń kó garawa mi nílẹ̀.

Ó ní, "Màmá, kí ni ìwé ara ògiri yìí wí?"

Mo rò ó fún un. Ó ka ìwé náà, ó gbọn orí.

"Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ kún un."

Mo ní, "Iyọ̀ lásán ni. Ẹran tó wà nínú rẹ̀ ò kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Táíwò nìyẹn. Òun ni olórí ọ́fíìsì tó ń lẹ ìwé náà, òun ló sì gbà mí síṣẹ́. Mo máa ń sọ "ẹ" sí i nítorí ipò rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń rántí pé àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Ajíbádé. Òun ló ń jókòó sínú mọ́tò ìkéde tẹ́lẹ̀, tó ń pariwo nínú gbohùngbohùn láti Adó dé gbogbo àyíká. Nígbà tí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ti dàbí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní, "Má sọ ohun tí ìwé sọ. Ohun tí ìwé fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí o sọ. Bí o bá sọ ọ́ tán, má sá lọ. Dúró gba èébú. Ẹni tó ń bú ọ ti gbọ́. Ẹni tó ń kí ọ pé o ṣeun lo máa bẹ̀rù, kò gbọ́ nǹkan kan."

Bàbá kò parọ́. Ọjọ́ tí mo lọ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tajà lábẹ́ wáyà iná ńlá, bàbá oníṣu kan béèrè lọ́wọ́ mi pé wáyà tí kò ti ní iná nínú láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ṣé ó ṣì lè pa ènìyàn. Mo ní, "Bàbá, iná kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ tó bá wù ú láti padà wá ni yóò kí yín." Ó bú mi, ó bú bàbá ọ̀gá mi, lẹ́yìn náà ó gbé iṣu rẹ̀, ó sún kúrò lábẹ́ wáyà.

Ti akoto ọ̀kadà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ìwé sọ pé kí ẹni tó ń gun ọ̀kadà dé akoto, kí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ náà dé e. Mo ti to èsì jọ fún àwọn tó máa ní ó gbóná, àti fún àwọn tó máa ní ó wúwo. Kò sí ẹni tó béèrè ìyẹn. Ohun tí àwọn obìnrin ń béèrè ni pé, "Orí ta ló ti wà nínú akoto yìí kí tèmi tó dé?" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló fẹ́ fi orí tí Ọlọ́run fún un sínú ohun tí orí olórí ti sùn sí? Ẹni tí orí rẹ̀ burú lè ti fi àìríre rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá kan gbé akoto lé orúnkún dé Ìgèdè. Ó ní wọ́n ní kí akoto bá òun lọ, ó sì ń bá òun lọ. Mo padà lọ, mo ronú, mo wá sọ fún wọn pé kí kálukú mú ìborí tirẹ̀ dání, kó kọ́kọ́ fi wé orí kó tó dé akoto. "Orí yín kò bá orí ẹnikẹ́ni pàdé mọ́. Aṣọ ló ń bá akoto ṣeré." Wọ́n gbà. Àwọn ọlọ́kadà ló wá ń ráhùn pé obìnrin kan á wé orí níwájú dígí àwọn bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn ìkórè, kó tó gùn.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ibi tí ìwé rò pé ẹ̀rù wà, ibẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rù máa ń wà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ gáàsì dé, mo ṣe bí mo ti ń ṣe. Ọmọbìnrin kan wà ní ọ́fíìsì tó máa ń ka ìwé fún mi, Bùnmi lorúkọ rẹ̀. Bó bá ń kà á, èmi á sọ ara mi di èrò oníjàgídíjàgan, màá máa dá a dúró.

"Bùnmi, ṣé gáàsì tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni?"

"Rárá, Màmá. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Ti ìdáná, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Ti mọ́tò yìí fúyẹ́, òkè ló ń gbà lọ."

"Ó ń lọ síbo?"

"Ojú ọ̀run."

"Ṣé àwa náà máa bá a lọ?"

Bùnmi bo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n máa bi mí nìyẹn.

Ó wá ṣàlàyé pé gáàsì náà kò ní òórùn kankan fúnra rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i, òórùn bíi ti ẹyin tó bàjẹ́, kí ènìyàn lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Ìwé sì sọ pé ẹni tó bá gbóòórùn náà, kó sọ fún awakọ̀, kí awakọ̀ dúró, kí èrò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dùn mọ́ mi. Mo gbé e lọ sí Fájuyì, mo fi iyọ̀ sí i.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará ulé, ẹ kú uṣẹ́ o!" Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ bíi tilé báyẹn, wọ́n máa ń súnmọ́ mi. "Gáàsì yìí kì í ṣe olè. Olè a máa yọ́ wọlé, a sì máa yọ́ jáde. Eléyìí, kó tó jáde, yóò kọ́kọ́ kan yín nímú. Bí ẹ bá ti gbóòórùn tí kò yé yín, ẹ ké sí awakọ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n kí mi pé mo ṣeun. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ajíbádé ìbá ti bà mí lẹ́rù níbẹ̀, àmọ́ ìyìn ti gùn mí lórí.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ ọjà ni mo rọ àwọn kan wọ mọ́tò Fẹ́mi. Mo ní èmi fúnra mi ń lọ. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́mi, mo ń ju ọwọ́ sí àwọn ènìyàn bí ìyàwó gómìnà. Wòlíì kan wà láàárín èrò, nínú aṣọ àdúrà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ó gbàdúrà ìrìn àjò fún wa tó gùn ju ìrìn àjò náà lọ. Ó de gbogbo agbára òkùnkùn tó wà lójú ọ̀nà, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà kọ̀ọ̀kan. Fẹ́mi tan ẹ́ńjìnnì, mọ́tò náà sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ bàtà rọ́bà. Kò rú èéfín, kò pariwo. Inú wa dùn.

A kò tíì jìnnà sí Adó nígbà tí eruku bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Fẹ́mi ní kí wọ́n ti fèrèsé. Wọ́n tì í. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fa imú. Ẹlòmíràn náà fà á.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ohùn kékeré: "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ nǹkan?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Òórùn ni. Kò sì yé mi."

Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló fi sọ ọ́.

"Gáàsì! Ó ti ń jáde! Awakọ̀, dúró!"

Fẹ́mi kò tíì tẹ búréèkì délẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Wòlíì ló kọ́kọ́ bẹ́. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò kan àtẹ̀gùn. Ó di inú oko ẹ̀gẹ́, funfun báyìí ni mo ń rí láàárín ewé. Èrò tú ká. Ẹnìkan jábọ́ sínú gọ́tà, ó sì ń ké sí wa láti inú rẹ̀ pé kí a má dúró. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Mo rìn ín, mi ò sáré. Bó bá ṣe pé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, tí ẹ sì sọ pé mo sáré, a ó bá ara wa fà á.

Obìnrin kan ṣoṣo ló kù nínú mọ́tò. Ìyá Dúpẹ́ ni, ìyá oníirú láti Ìyìn. Ó jókòó, ó gbé agbọ̀n kan sórí itan, ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n gbá lójú.

Ó ní, "Irú mi nìyẹn."

Ó na agbọ̀n náà sí wa.

"Ẹ gbọ́ mi? Irú ni! Irú tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, tí mo fi ewé bò, tí gbogbo ọjà ń jà sí! Òun lẹ pè ní gáàsì? Wòlíì, ẹ jáde nínú oko olóko! Ṣé ẹ̀yin náà ò jẹ irú ni?"

Wòlíì jáde wá, ó ní Ẹ̀mí ló ní kí òun lọ gbàdúrà níbẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo wọn padà wọlé, ká rẹ́rìn-ín, ká lọ. Àmọ́ ojú ń ti wọn. Ẹni tó bá ti sá, tí ojú sì ń tì í, kò ní fẹ́ kó jẹ́ pé asán lòun sá fún. Wọ́n ní irú kọ́. Wọ́n ní irú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gáàsì wà lábẹ́ irú. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n dá ọ̀kadà dúró, wọ́n fi èmi, Fẹ́mi àti Ìyá Dúpẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀.

Ìròyìn sì ti ṣáájú wa dé Adó. Nígbà tí mo máa fi délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá èrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Aládùúgbò mi ń sunkún pé, "Obìnrin rere! Àlàyé ló pa á!" Mo jókòó lẹ́yìn wọn, mo bá wọn sunkún díẹ̀, mo wá fọwọ́ kan èyí tó súnmọ́ mi, mo ní, "Ta ló kú?"

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá Alálàyé ni. Mọ́tò gáàsì ló bú gbàmù."

Mo ní, "Háà! Ó mà ṣe o. Ẹni dáadáa ni."

Nígbà náà ló tó yíjú. Títí di òní, obìnrin yẹn kì í jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀rín tán o. Nígbà tí mo dé Fájuyì lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Fẹ́mi kọjá mọ́. Fẹ́mi ń fi aṣọ nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń bá mọ́tò náà ṣe ó dàbọ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé Ìyìn. Mo lọ bá Ìyá Dúpẹ́ láti bẹ̀ ẹ́ nítorí irú rẹ̀ tí wọ́n bú. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa kó tó fún mi níjòókòó.

Ó ní, "Ìyá Alálàyé, jẹ́ kí èmi náà bi ọ́. Bí a bá gbé ẹmu kalẹ̀ fún àlejò, ta ló ń kọ́kọ́ mu?"

"Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Ìjọba gbé mọ́tò kalẹ̀. Ta ni nínú wọn ló ti mu níbẹ̀?"

"Èmi ti mu. Mo jókòó síwájú."

"Ìwọ? Iṣẹ́ rẹ ni. Fẹ́mi? Oúnjẹ rẹ̀ ni. Ẹni tó ni ẹmu ni mò ń béèrè."

Mo dìde, mo lọ tààrà sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Táíwò.

Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní kí ẹ wá mu nínú rẹ̀."

"Mu kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó ronú, ó mi orí. Ó ní, "Kò burú. Èmi yóò wọ̀ ọ́ lọ́la."

"Ẹ̀yin nìkan kò tó. Wọn á ní ipò lẹ fi ń wá. Màmá yín ni ká gbé wọ̀ ọ́."

Ó gbé bírò kalẹ̀. "Màmá mi?"

"Màmá yín tó wà ní Ìyìn. Ṣebí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín látàná? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ padà sílé."

"Màmá, ẹ má ṣeré. Ẹ ò mọ màmá mi ni."

"Ọ̀gá, ṣé mọ́tò yìí dára?"

"Ó dára! Ẹ̀yin náà ti kà á—ẹ ti gbọ́ ọ tán!"

"Ṣé ó dára tó kí màmá yín jókòó nínú rẹ̀?"

Ó wo òrùlé. Ó wo bírò rẹ̀. Ó ní, "Ó dára tó bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ìkéde tí wọ́n bá gbé fún mi. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń kọjá. Àwọn kan wà tí Bùnmi á rọra ká padà, á ní òun fẹ́ lọ tún béèrè.

Màmá Ọ̀gá dé Fájuyì lọ́jọ́ kejì, arúgbó kékeré kan báyìí, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Mo ti rí i dájú pé ìròyìn náà tàn ká, Fájuyì sì kún. Wòlíì náà wà níbẹ̀, ó dúró lókèèrè, ó ní òun ń ràn wá lọ́wọ́ láti ibi tí òun wà.

Màmá wo mọ́tò yíká. "Táíwò, kí ló wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn yẹn?"

"Àgbá gáàsì ni, Màmá."

"Ta ló ń jókòó lé e?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá wù, mà."

"Ṣé ó wu ìwọ?"

Èrò dáhùn kó tó yanu: "Ó wù ú! Ó wù ú!"

Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú kóòtù àti táì rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ lórí àgbá. Màmá kò tíì gbẹ́sẹ̀. Ó kọjú sí àwa tó kù, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ bí mélòó ni mo bí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra aṣọ fún ìyá wọn. Tèmi ń fi mí tọ́ mọ́tò wò." Lẹ́yìn náà ló gun òkè, ó jókòó sáàárín èmi àti Fẹ́mi.

Ohun tí mi ò retí ni pé èrò rọ́ wọlé tẹ̀lé wọn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ti kúrò lára wọn o. Wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ náà rí bó ṣe máa rí. Èèyàn Adó kò ní jẹ́ kí wọ́n ròyìn fún òun ohun tí òun ìbá ti fi ojú ara òun rí.

A gbéra. Bí a ṣe ń súnmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́sí, mo rí i tí Màmá gbé imú sókè. Ó fà á. Ó tún un fà.

"Awakọ̀, dúró."

Fẹ́mi dúró. Mo mọ ohun tó ń rò: oṣù parí, mọ́tò lọ, oko bàbá rẹ̀ dé. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ẹnìkan ti fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú.

Màmá yí ọrùn padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Táíwò."

"Màmá."

"O ti bọ́ bàtà rẹ, àbí?"

Gbogbo wa yíjú sí Ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, "Ẹsẹ̀ ló ń gbóná fún mi, Màmá."

"Wọ̀ ọ́ padà! Láti kékeré ni mo ti ń bá ìbọ̀sẹ̀ rẹ jà. Awakọ̀, máa lọ, ọmọ mi. Kì í ṣe gáàsì. Ọmọ mi ni."

Ẹ̀rín tó sọ nínú mọ́tò yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin tó di ilẹ̀kùn mú fi orí gbá ìjókòó iwájú rẹ̀. Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún, mo sì ní kó máa wo ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ nìyẹn tí a fi dé Ìyìn, kò sí ẹni tó tún rántí ohun tó wà lábẹ́ Ọ̀gá.

Ìròyìn tún ṣáájú wa padà dé Adó, àmọ́ ti ìbọ̀sẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ń dìídì wọ mọ́tò Fẹ́mi kí wọ́n lè jókòó síbi tí Ọ̀gá jókòó sí. Èmi náà ṣe iṣẹ́ tèmi. Mo wá ẹyin kan tó ti bàjẹ́ pátápátá, mo gbé e ká Fájuyì, mo ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ sí wọn nímú. "Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù! Irú kọ́! Ìbọ̀sẹ̀ kọ́!" Wọ́n sá fún mi ju bí wọ́n ti sá fún gáàsì lọ, àmọ́ wọ́n bú mi dáadáa, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́.

Oṣù parí. Kò sí ẹni tó wá gba mọ́tò lọ́wọ́ Fẹ́mi. Ọ̀gá Táíwò kò bá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo máa ń rí i tó ń fa ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Ní ìjẹta, mo ń lọ kí ẹnìkan ní Ìyìn. Mo dé Fájuyì, mo bá mọ́tò Fẹ́mi tó fẹ́ gbéra. Mo gbé ẹsẹ̀ láti wọlé.

Fẹ́mi yọ orí síta. "Màmá, ẹ má bínú. Ó ti kún."

Mo ní, "Fẹ́mi, èmi?"

"Màmá, kò sí àyè fún abẹ́rẹ́. Ẹ wọ èyí tó wà lẹ́yìn."

Ó sì lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn, bẹntiróòlù ló ń mu. Mo wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó tì mí, ó ti Ìlọrin wá, ó ní òun ń ta fóònù ní Adó. Ó rí i pé inú mi kò dùn, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí nínú.

"Màmá, ẹ ò bá dúró de ti gáàsì. Ó dára gan-an. Kò sí ohun ẹ̀rù níbẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jò, ó fúyẹ́, òkè ló ń lọ."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ó ń lọ síbo?"

"Ojú ọ̀run, mà. Wọ́n sì fi òórùn sí i. Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún mi dé Ìyìn. Ibì kan ṣoṣo yẹn ló ti ṣì í. Mo fi sílẹ̀ fún un.